Ta Ni Yóò Máa Po Tíì Wa ní Gáréèjì?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú àwọn kan, nítorí ọ̀rọ̀ tíì àti kọfí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ òru rí, tí ó jáde ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ tí òtútù ń mú un, tàbí awakọ̀ tí ó ti wà lórí ìlà láti agogo mẹ́rin ìdájí, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní pe ife tíì gbígbóná ní ọ̀rọ̀ kékeré.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Alágbàtà kan wá bá àwọn alákòóso ẹ̀ka wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kò tíì ṣẹ̀ wá. Ó ní òun fẹ́ gbé kíóòsì márùn-ún kalẹ̀ sínú gáréèjì, níbi tí òun yóò ti máa ta kọfí àti tíì. Yóò kun ògiri gáréèjì ní ọ̀dà, yóò ra àga, yóò ri agboòrùn ńláńlá mọ́lẹ̀, yóò sì máa san owó kan fún ẹ̀ka lóṣooṣù. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdajì iye tí a ń rà á lọ́wọ́ máì-ṣáì ni yóò máa ta ife kan. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè lọ́wọ́ wa: kí gbogbo máì-ṣáì kó kúrò nínú gáréèjì, kí ẹnikẹ́ni má sì ta ohun mímu gbígbóná níbẹ̀ mọ́ àfi òun.

Àwọn kan nínú wa ti pàtẹ́wọ́. A kò bú wọn. Ta ni yóò rí ọjà ìdajì owó tí yóò fajú ro? Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé kí ẹ̀ka má gbà, ó sì yẹ kí a sọ ìdí rẹ̀ fún yín kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí máì-ṣáì ṣe ń ṣe é. Púpọ̀ nínú wọn wá láti Òkè Ọya, àwọn mìíràn láti orílẹ̀-èdè Niger. Tábìlì kan, bẹ́ǹṣì méjì, ìkòkò omi gbígbóná, mílíìkì, ṣúgà, ẹyin, búrẹ́dì àti Índómì, ó parí. Ẹni tí kò ní owó púpọ̀ lè dá a sílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Badagry, láti Fẹ́sítáàkì dé Ìyànà-Ìba, dé Ọ̀kọ́kọ́máíkò, títí lọ. Bí ọ̀kan bá fi owó kún ọjà lónìí tí ẹnì kejì kò fi kún un, ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ni ẹsẹ̀ wa yóò gbà. Ohun tí kò jẹ́ kí owó ife tíì sáré ju bí ó ti yẹ lọ nìyẹn. Kì í ṣe àánú.

Iye owó nìkan kọ́ ni wọ́n sì fi ń díje. Máì-ṣáì kan mọ ẹni tí kì í fẹ́ ṣúgà. Òmíràn kì í sùn, ní agogo méjì òru ẹ ó bá iná lábẹ́ ìkòkò rẹ̀. Òmíràn a máa da tíì láti ife kan sí èkejì láti òkè réré kí ó lè hó, àwọn kọ̀ndọ́ a sì dúró máa wòran. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni àwìn. Láti ogúnjọ́ oṣù títí di ọjọ́ tí owó ń wọlé, mélòó nínú wa ni kì í jẹ máì-ṣáì ní gbèsè? Kò gba ìwé lọ́wọ́ wa, kò béèrè onídùúró, èédú ni ó fi ń fa ìlà sára pákó. Ẹ bi alágbàtà yìí bóyá kíóòsì rẹ̀ yóò máa ta àwìn. Àwa ti bi í. Ó rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ kan ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, Ọ̀gbẹ́ni Michael Porter, kọ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1979 tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ṣì fi ń kọ́ ọgbọ́n títí di òní. Ó ní kì í ṣe ẹni tí ń ta irú ọjà tìrẹ nìkan ni ó ń bá ọ fa èrè mọ́ra lọ́wọ́. Ẹni tí o ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ń fà á, ẹni tí ń rà lọ́wọ́ rẹ ń fà á, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé sínú òwò náà ń fà á, ohun mìíràn tí ènìyàn lè fi rọ́pò ọjà rẹ náà sì ń fà á. (Àwọn ìyá wa ní ọjà Àgbálàtà ti mọ èyí kí wọ́n tó bí Porter, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé.)

Ẹ fi ojú yìí wo tábìlì máì-ṣáì. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ń bá a díje ní òwúrọ̀. Àwa tí à ń rà lè dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ kí a sì lọ sí ti ẹnì kejì. Ẹnikẹ́ni lè wá gbé tábìlì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lọ́la. Nítorí náà èrè rẹ̀ kéré. Ibi tí agbára wà gan-an ni ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta mílíìkì, ṣúgà àti kọfí fún un, nítorí wọn kò pọ̀. Ní oṣù kejì 2020, Báǹkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé ilé iṣẹ́ mẹ́fà péré ni ó lè gba owó òkèèrè láti fi kó mílíìkì wọlé. Wọ́n mú ìdènà owó òkèèrè lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀ kúrò ní oṣù kẹwàá 2023, ṣùgbọ́n nígbà náà owó náírà ti já wálẹ̀. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọ̀dọ̀ ìjọba; nígbà tí ó fi di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá 1,500. Ní 2024 kan náà, ọ̀dá ní orílẹ̀-èdè Vietnam mú kí irú kọfí tí wọ́n fi ń ṣe kọfí oníyẹ̀fun gbówó lórí gan-an káàkiri ayé.

Ẹ̀yin ará wa ní Agbára mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé etí ẹ̀rọ. Nestlé, tí fatirì rẹ̀ ti wà ní Agbára láti 1982, kéde pé òun pàdánù owó tí ó tó bílíọ̀nù 79.5 náírà ní ọdún 2023, gbèsè dọ́là sì ni ó fà á jù lọ. Òṣìṣẹ́ tí ó wà nídìí ẹ̀rọ kò yá dọ́là kankan. Bẹ́ẹ̀ ni máì-ṣáì kò yá a. Ṣùgbọ́n inú ife ni owó náà ti jáde nígbẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú wa ń rọ ọjà sínú páálí ní Agbára, òmíràn ń fi ọkọ̀ gbé páálí náà, àwa méjèèjì yóò sì padà wá rà á ní ife kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá títì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Ká sọ pé tíì àti búrẹ́dì òwúrọ̀ jẹ́ 700 náírà. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù yóò san 18,200 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ láti oṣù keje 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, a kò sì tíì wọ ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, a kò tíì ra gààrí sílé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìdajì owó fi dùn létí.

Wàyí o, ká sọ pé ife kọfí kan tí máì-ṣáì ń tà ní 300 náírà, 220 náírà ni ó ná lé e lórí. Alágbàtà tí ó bá ta irú rẹ̀ ní 150 náírà ń pàdánù 70 náírà lórí ife kọ̀ọ̀kan, láì ka owó ọ̀dà, owó àga, àti owó tí yóò san fún àwa gan-an. Bí ó bá ta 500 ife lójúmọ́, ó pàdánù 35,000 náírà lójúmọ́ náà. Ní oṣù mẹ́ta, ó ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ. Ẹni tí ó bá da owó tó bẹ́ẹ̀ sínú ọ̀sà, ó mọ ibi tí yóò ti fi àwọ̀n kó o. Òótọ́ ni pé ẹni tí ń ra ọjà ní ọgọ́rùn-ún páálí yóò rà á pọ́ọ́kú ju ẹni tí ń ra sáṣẹ́ẹ̀tì lọ, a kò sì ní fi èyí pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọjà pọ́ọ́kú nìkan ni agbára rẹ̀, kí ló dé tí kò lè tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ máì-ṣáì? Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ lé àwọn yòókù lọ kí kọfí rẹ̀ tó tà? Lẹ́yìn oṣù kẹta, nígbà tí bẹ́ǹṣì mìíràn kò bá sí tí a lè dìde lọ jókòó sí, òun nìkan ni yóò máa sọ iye tí ife kan jẹ́.

Àwọn baba wa tí ó ń ta kòkó mọ irú rẹ̀. Ní 1937, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ńláńlá, UAC àti Cadbury wà nínú wọn, fi ìmọ̀ ṣọ̀kan ní Gold Coast pé àwọn kò ní máa bá ara wọn díje mọ́ lórí kòkó. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kọ̀ láti tà, ọ̀rọ̀ náà sì le títí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi rán ìgbìmọ̀ olùwádìí lọ ní 1938. Lónìí, Nàìjíríà ní òfin ìdíje ti ọdún 2018 tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, tí ó sì lòdì sí kí ẹni tí ọjà kún ọwọ́ rẹ̀ máa fi agbára náà ni ènìyàn lára. Òfin tí ó dára ni, ṣùgbọ́n gáréèjì wa kéré púpọ̀ ní ojú irú àjọ bẹ́ẹ̀. Àwa ni a ó ṣọ́ ọ.

Kì í ṣe pé a kórìíra ilé kọfí o. Café Neo ti wà ní Èkó láti bí ọdún mẹ́wàá ó lé, àwọn tí ó lówó sì ń jókòó mu kọfí níbẹ̀ nínú atẹ́gùn tútù. Àga, ìdákẹ́jẹ́ àti íntánẹ́ẹ̀tì ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń tà ju kọfí lọ, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ kí ó san án. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń ná Kútọnu sì mọ àwọn kafetéríà tí ó wà lẹ́bàá títì níbẹ̀, pẹ̀lú kọfí, mílíìkì dídùn, búrẹ́dì àti ẹyin díndín. Wọ́n tò lọ rẹrẹ, kò sí ẹni tí ó gba òpópónà náà fún ara rẹ̀ nìkan.

A ní ọ̀rọ̀ fún àwọn máì-ṣáì náà. Omi tí àwọn kan fi ń ṣan ife kò dára. Inú garawa kan náà ni ife ogún ènìyàn ń wọ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, bí àrùn onígbá méjì bá sì dé, àwa ni yóò kọ́kọ́ mú. Bí a bá fẹ́ dáàbò bò wọ́n, kí àwọn náà wẹ ife.

Àwọn ọmọ tí alágbàtà yìí fẹ́ kó wá sínú kíóòsì ńkọ́? A béèrè iye tí yóò máa san fún wọn. Ó ní kò sí owó oṣù, ohun tí wọ́n bá tà ni wọn yóò jẹ nínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, tí èrò kò jáde, ebi di tiwọn nìyẹn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ha lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí irú iṣẹ́ yìí nínú gáréèjì rẹ̀? Starbucks tóbi tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ní oṣù kejìlá 2021, àwọn tí ń po kọfí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan ní ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà dìbò pé àwọn fẹ́ ní ẹgbẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ṣọ́ọ̀bù sì tẹ̀lé wọn. Ẹni tí ń po kọfí, òṣìṣẹ́ ni. Kì bá à jẹ́ ọmọ kíóòsì, kì bá à jẹ́ ọmọ tí máì-ṣáì gbà síṣẹ́, kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nínú ẹ̀ka wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní tán lórí alágbàtà kan. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń ná Marina sí Mile 2 láti oṣù kẹsàn-án 2023, Ọ̀kọ́kọ́máíkò sì ni ètò náà sọ pé yóò dé. Ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó lówó ni yóò kọ́kọ́ wá béèrè ààyè fún ara rẹ̀ nìkan. Bí a bá ṣe dáhùn ní gáréèjì wa yìí ni wọn yóò ṣe retí pé a ó dáhùn níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ gbé síwájú ìpàdé nìyí. Kí alágbàtà náà wá bí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ó gba ààyè kíóòsì kan, kì í ṣe márùn-ún, kí ó sì ta ọjà rẹ̀ láàrin àwọn yòókù. Kí ẹ̀ka má gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí a gbẹ́ kànga tàbí kí a gbé táǹkì omi kan sí ẹ̀gbẹ́ gáréèjì fún wíwẹ ife. Kí ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ wa máa ra mílíìkì, ṣúgà àti kọfí ní páálí, kí a máa tà á fún àwọn máì-ṣáì ní iye tí a rà á pẹ̀lú owó ọkọ̀ nìkan, kí àwọn náà sì bá wa ṣe àdéhùn lórí iye ife kan, láti oṣù mẹ́ta sí oṣù mẹ́ta. Akápò ti ń béèrè iye páálí kan lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ńlá, yóò sì ka á fún yín.

Ọjọ́ Sátidé tí ó gbẹ̀yìn oṣù ni ìpàdé, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí àwọn tí ó ṣiṣẹ́ òwúrọ̀ lè bá wa níbẹ̀. A ti ránṣẹ́ sí alágbàtà náà kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀, a sì ti pe méjì nínú àwọn máì-ṣáì. Ẹni tí ó bá jẹ wọ́n ní gbèsè kí ó tètè san kí ọjọ́ náà tó pé, kí ó lè lẹ́nu láti sọ̀rọ̀.