Ìbéèrè inú géèmù, ìbéèrè inú ilé: Kí ni àwọn ọ̀dọ́ ń rí níbẹ̀ tí wọn kò rí lọ́dọ̀ àgbà?

Ó ti lé ní ogún ọdún tí àríyànjiyàn kan ti ń lọ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn géèmù káàkiri àgbáyé, tí kò sì tíì sí ẹni tó lè parí rẹ̀. Wọ́n ní ìran kan wà tó ń jẹ́ Dwemer. Àwọn Dwemer yìí mọ irin rọ, wọ́n kọ́ ìlú ńláńlá sábẹ́ òkè, wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ tó ń dá rìn bí ènìyàn. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo wọn pòórá. Ilé wọn wà, ẹ̀rọ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n gbà lọ.

Ìran náà kò sí láyé rí. Inú géèmù tí wọ́n ń pè ní The Elder Scrolls ni wọ́n wà, ilé-iṣẹ́ Bethesda tó wà ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà ló sì ṣe é. Síbẹ̀, àwọn tó ń ta géèmù yìí ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ Dwemer bí ẹni pé ogún bàbá wọn ni wọ́n ń pín.

Àgbàlagbà tó wà ní Ìpele, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, tàbí èyí tó wà ní Ìdó-Àní, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, lè béèrè pé kí ló kan òun nínú eléyìí. Ó kàn án. Irú ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ ń bá kiri nínú géèmù náà ló wà nílẹ̀ ní agbègbè Ọ̀wọ̀ láìsí ìdáhùn. Èyí tó wà nínú géèmù ń rí ẹni béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́, nígbà tí èyí tó wà nílé ń bá àgbà wọ sàréè.

Irú géèmù wo nìyí?

Bí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà bá gbọ́ géèmù, bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ọmọ ń sanwó gbá ni ọkàn wọn máa ń lọ sí. Èyí tí ọ̀rọ̀ kàn yìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹni tó ń ta á yóò di akọni inú ìtàn. Òun ni yóò yan orúkọ tí yóò máa jẹ́, iṣẹ́ tí yóò máa ṣe, ọ̀nà tí yóò tọ̀ àti ẹni tí yóò bá ṣọ̀rẹ́.

Ẹni tó bá ti ka ìwé D.O. Fágúnwà yóò tètè mọ ohun tó jọ ọ́. Nígbà tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, òǹkàwé tẹ̀lé Àkàrà-ògùn wọ igbó. Nígbà tí Igbó Olódùmarè jáde ní 1949, ó bá ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn, pàdé. Bí ìwé kan ṣe ń fà mọ́ èkejì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni The Elder Scrolls. Apá kìíní jáde ní 1994, èkejì tí wọ́n ń pè ní Daggerfall jáde ní 1996, Morrowind ní 2002, Oblivion ní 2006, Skyrim sì jáde ní 2011. Apá kẹfà, wọ́n kéde rẹ̀ ní 2018, ṣùgbọ́n ọdún méje kọjá lẹ́yìn náà láìjẹ́ pé ó tẹ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú géèmù, òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni Àkàrà-ògùn.

Ìdí tí iyàn náà kò fi tán

Àwọn tó ṣe géèmù yìí kò jókòó sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n fọ́n ọn káàkiri ni. Ẹni tó ń ta á yóò rí ìwé nínú ihò àpáta kan, yóò bá àlùfáà kan pàdé, yóò sì rí àwókù ilé kan. Ìwé náà lè parọ́, àlùfáà sì lè máa gbèjà ilé tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni ikú jagunjagun tó ń jẹ́ Nerevar nínú Morrowind. Àwọn àlùfáà sọ pé ọgbẹ́ ogun ló pa á. Àwọn tó ń gbé inú àgọ́ ní aginjù ní rárá o, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló pa á, àwọn mẹ́ta náà ni wọ́n sì di òrìṣà tí ìlú ń bọ. Ta ni kí èèyàn gbà gbọ́? Ẹni tó wà lórí àga ni, àbí ẹni tí wọ́n lé sí oko?

Lórí Dwemer, ìdáhùn mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbé kalẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n kú pátápátá nítorí pé wọ́n fọwọ́ kan agbára òrìṣà tí kò yẹ kí ènìyàn fọwọ́ kàn. Àwọn kan ní ẹ̀mí gbogbo wọn wọ inú ère ńlá onídẹ tí wọ́n ń ṣe. Àwọn mìíràn ní wọ́n ṣí lọ sí ayé mìíràn ni. Dwemer kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú Morrowind, Yagrum Bagarn ni orúkọ rẹ̀. Kò sí nílé lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, kò bá ẹnì kankan, òun náà kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà lè dáhùn lọ́la bó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ dáhùn. Ọjà wà nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà. Ní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ yìí sọ pé Skyrim nìkan ti tà ju ọgọ́ta mílíọ̀nù lọ.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀

Ẹni tó bá dé Ọ̀wọ̀ lásìkò ọdún Igogo, tí wọ́n sábà máa ń ṣe nínú oṣù kẹsàn-án, yóò rí ohun tí yóò yà á lẹ́nu. Fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ìlù kò gbọdọ̀ dún, agogo ni wọ́n ń lù. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ dé fìlà, obìnrin kò sì gbọdọ̀ wé gèlè. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ yóò di irun, yóò sì múra bí obìnrin pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ iyùn.

Orọnsẹn ni wọ́n ń ṣe é fún. Ìtàn sọ pé òun ni ìyàwó Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹngẹjẹn, pé ó ní èèwọ̀ mẹ́ta: wọn kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ da omi sójú àgbàlá níṣojú rẹ̀, ẹni tó bá ti oko dé kò sì gbọdọ̀ ju igi ìdáná sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ dìtẹ̀, wọ́n sì ṣe gbogbo rẹ̀. Orọnsẹn bínú jáde. Wọ́n ní Igbó'Laja ni ó fi ọ̀já rẹ̀ sílẹ̀ sí, kí ó tó di àwátì.

Láàárín ọdún 1969 sí 1971, Ekpo Eyo, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún ìjọba àpapọ̀, wa ilẹ̀ ní Igbó'Laja yìí kan náà. Ère amọ̀ ni wọ́n bá nínú ilẹ̀: orí ènìyàn lóríṣiríṣi, àti ẹkùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. Àyẹ̀wò ìjìnlẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Àwọn kan nínú wọn jọ iṣẹ́ ọnà Ilé-Ifẹ̀, àwọn mìíràn sì ní ohun tó jọ ti Benin.

Kí ni ìdáhùn? Ṣé ojúbọ Orọnsẹn ni ibẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni, àbí ojúbọ mìíràn ni, kí ìtàn Orọnsẹn tó wá bá a níbẹ̀? Ta ló mọ àwọn ère náà, kí ló sì dé tí ilẹ̀ fi bò wọ́n? Ṣé ayaba ni Orọnsẹn, tàbí òrìṣà tó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀? Ìlú tó ṣófo tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò dákẹ́ ni ìbéèrè Dwemer. Ti Orọnsẹn ni igbó tí ère kún abẹ́ rẹ̀, tí ẹni tó ni ín sì ti lọ. Ìbéèrè méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Ìpele náà ní ọba àti àdúgbò tirẹ̀, kò sì sí àdúgbò tí kò ní ìdí tó fi wà níbi tó wà. Àwọn tó lè sọ ìdí wọ̀nyí ń dín kù lọ́dọọdún.

Ibi tí ọ̀nà ti pín

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé ìtàn ìlú kì í ṣe eré, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Daggerfall fi èyí hàn. Ní ìparí géèmù náà, ẹni tó ń ta á ló máa yan ọba tàbí ẹgbẹ́ tí yóò fa ohun ìjà ńlá kan lé lọ́wọ́. Ẹni kan yan ti ìhín, ẹlòmíràn yan ti ọ̀hún. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ ṣe apá tó tẹ̀lé e, wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà nípa sísọ pé gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ pa pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, torí pé àkókò fọ́.

Èyí kò lè ṣeé ṣe nílẹ̀ Yorùbá. Orí kan ṣoṣo ni adé lè wà lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà tí Òfin Oyè ọdún 1957 ti wà ní Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ni ìjọba ti ní kí wọ́n máa kọ orúkọ ìdílé tó ń jọba àti bí oyè ṣe ń yí sínú ìwé. Ìlà kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè sọ ìdílé kan di ọlọ́ba, kí ó sì ti ìdílé mìíràn síta. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ kò nílò àlàyé lórí ohun tí rògbòdìyàn oyè lè dá sílẹ̀. Wọ́n rí i tí Ọlátẹ́rù Ọlágbẹ̀gí Kejì, tó gorí oyè ní 1941, kúrò lórí ìtẹ́ lásìkò wàhálà àwọn ọdún 1960, tó sì tún padà síbẹ̀ nínú àwọn ọdún 1990. Ìṣèlú ló pọ̀ jù nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ó kọ́ ìlú pé ọ̀rọ̀ adé kì í yára tán.

Nítorí náà ni àwọn bàbá fi máa ń di ẹnu mọ́ ìtàn. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ fún ọmọdé lálẹ́ lè di ẹ̀rí níwájú adájọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀nà hàn. Ní ọdún 1957 yìí kan náà, ẹjọ́ ilẹ̀ kan tó wá láti Ghana, èyí tí wọ́n ń pè ní Kojo Kejì àti Bonsie, dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ àgbà ní London. Ìdájọ́ náà sọ pé bí ìtàn àtẹnudẹ́nu méjì bá takora, kì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù ni adájọ́ yóò gbà gbọ́, torí pé àwọn méjèèjì lè máa sọ ohun tí bàbá wọn sọ fún wọn pẹ̀lú ọkàn òtítọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àìpẹ́ yìí, tí ojú rí, ni kí wọ́n fi wọn ìtàn méjèèjì wò, kí wọ́n lè mọ èyí tó sún mọ́ òótọ́ jù. Àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà ń tẹ̀lé ìlànà yìí títí di òní.

Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń jiyàn lórí Nerevar gan-an nìyẹn. Wọn kì í gbà pé ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ kó tó. Wọ́n máa ń béèrè pé ta ló sọ ọ́, kí ni èrè rẹ̀ níbẹ̀, àti pé kí ni àwókù ilé náà fi hàn. Ìwà yìí kì í ṣe ìwà àfojúdi. Òun ni adájọ́ ń lò.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Àṣìṣe ni láti sọ pé ọ̀dọ́ òde òní kò fẹ́ ìtàn. Wọ́n fẹ́ ẹ. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni ìtàn tí wọn kò gbọdọ̀ béèrè ìbéèrè kejì lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè nínú géèmù, wọn yóò rí ibi tí wọ́n lè wò. Bí wọ́n bá béèrè nínú ilé, ohun tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé bí àwọn ṣe bá a nìyẹn.

Ìtàn ilé wa sì lè wọ inú géèmù. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ní Yaoundé, olú ìlú Cameroon, gbé géèmù kan jáde tí wọ́n pè ní Aurion. Enzo, ọmọ oyè ìlú Zama, ni akọni inú rẹ̀. Arákùnrin ìyàwó rẹ̀ ló gba oyè mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í jọba, ó sì gbọ́dọ̀ wá agbára àwọn baba ńlá rẹ̀ lọ kí ó tó lè padà sílé. Ta ni yóò gbọ́ èyí ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ìpele tí kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ni?

Ọ̀nà mẹ́ta ló yẹ kí àwọn àgbà pín ọ̀rọ̀ wọn sí. Èyí tó jẹ́ awo, kí ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Èyí tó kan oyè àti ilẹ̀, kí ìdílé kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí kò tíì sí ìjà, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ọjọ́ tó sọ ọ́ àti ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Bí ìdílé méjì bá ní ìtàn méjì, kí wọ́n kọ méjèèjì láìgé ọ̀kan kúrò. Èyí tó kù, ìyẹn ìtàn àdúgbò, èèwọ̀, oríkì, odò àti òkè, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tó bá fẹ́ béèrè.

Iṣẹ́ náà kò gba owó ńlá. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ ọmọ lè gba ohùn bàbá rẹ̀ àgbà sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, àgbà ló mọ ohun tó yẹ ní gbígbà.

Àwọn tó ń wá Dwemer lè dúró fún ọdún mẹ́wàá sí i. Ẹni tó mọ ìdáhùn, bó bá wà, wà ní Maryland, ó sì lè sọ ọ́ nígbà tó bá wù ú. Àwọn tó mọ ìdí tí àdúgbò kan ní Ìpele kò fi ń ṣe ohun kan kò ní ilé-iṣẹ́ tí yóò bá wọn pa á mọ́. Bí wọ́n bá lọ láìsọ ọ́, ìbéèrè náà yóò wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sí Yagrum Bagarn kan pàápàá tí ọmọ lè lọ bi.