Èsì sí Lẹ́tà Lórí PowerPoint Nínú Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì



Lẹ́tà tí ó sọ pé PowerPoint ń sọ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì di ọ̀lẹ kò ṣe é gbà láìfèsì. Ètò kọ̀ǹpútà yìí, tí a fi ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ wò ó, jáde ní ọdún 1987, àwọn oníṣòwò ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é fún; nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá da gbogbo àkọsílẹ̀ gírámà sí i, tí ó wá ń kà á sókè, ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní Ara, lẹ́bàá Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí Yorùbá ti jẹ́ èdè ilé, ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ń yí padà bí àsìkò ṣe ń yí máa ń ni ọmọ lára gan-an. Bí olùkọ́ bá fi PowerPoint gbé àwòrán obìnrin tó ń yan gààrí sójú ògiri láìkọ nǹkan kan sí i, tí ọmọ sọ pé "She is frying gari", tí àwòrán agbada òfìfo sì tẹ̀ lé e, ọmọ náà yóò fúnra rẹ̀ wá "She has fried it" kí ìdáhùn tó yọ lójú ògiri.

Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé jáde ní ọdún 2013 kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kíkà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kí ìjọba kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọn yóò ṣe fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mú ọmọ sọ̀rọ̀.