Ẹ̀kọ́ Físíìsì ní Etí Odò Ògùnpa

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pẹ́ ní Ìbàdàn kò ní kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn Omíyalé fún òun. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀ títí, Ògùnpa kún àkúnya, ó wó ilé, ó gbé ọjà, ẹ̀mí tí ó sì bá a lọ lé ní 100. Àwọn kan ní àmúwá Ọlọ́run ni, àwọn mìíràn ní odò ni ó bínú. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa tí a ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá ni ó lè ṣírò omi tí ń bọ̀ lókè?

Òjò tí ó bá rọ̀ ní ìwọ̀n mílímítà kan sórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lítà omi kan gééré ni. Bí mílímítà 100 bá rọ̀ sórí òrùlé tí ó jẹ́ mítà 10 níbùú lóròó, lítà 10,000 ni òrùlé kan ṣoṣo yẹn yóò dà sílẹ̀, ìyẹn tọ́ọ̀nù 10. Kí ènìyàn dúró ní Òkè Màpó, kí ó wo iye òrùlé pánù tí ń bẹ nísàlẹ̀! Bí omi bá sì sáré ní ìlọ́po méjì, agbára tí ń bẹ nínú rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin.

Ìmọ̀ yìí ni à ń pè ní físíìsì. Ohun tí ó dùn wá ni pé àwọn ọ̀dọ́ wa gbà pé ẹni tí kò bá kọ́ ọ ní ilé-ìwé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti sé mọ́ ọn. Irọ́ gbáà ni. Chike Obi ka ìwé ìṣirò fún oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láìjókòó sí kíláàsì ibẹ̀, ó sì di Dókítà ìmọ̀ ìṣirò ní 1950. Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ, jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìwé dídì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé tí wọ́n bá gbé wá dì, a kà á. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kọ́: láti 1810 ni ó ti ń lọ sí ẹgbẹ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn. Ní 1831 ó fi hàn pé bí a bá ń mi irin òòfà nínú wáyà tí a ká, iná yóò ṣàn nínú wáyà náà. Gbogbo jẹnẹrétọ̀ tí ń ké ramúramù ní ìsọ̀ wa, ọmọ ìmọ̀ yẹn ni. (Ariwo wọn kò sí lọ́rùn Faraday.)

Ẹni tí ń nìkan kàwé a máa ka ojú-ìwé tí ó yé e lẹ́ẹ̀mẹta, a sì fo èyí tí kò yé e. Bí ẹni mẹ́rin bá jọ jókòó, ẹnìkan yóò ní, “Fi hàn mí.” Kí ẹni tí ń tún rédíò ṣe jókòó ti ẹni tí ó mọ ìṣirò. Kí wọ́n lọ sí etí Ògùnpa, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn o, kí wọ́n wọn mítà 20, kí wọ́n ju èèpo ọsàn sómi, kí wọ́n sì fi aago mọ bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó dé òpin. Omi ojú odò a máa yára ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Kí wọ́n fi ìdí rẹ̀ ṣe àríyànjiyàn ìpàdé kejì.

Èdè wo ni wọn yóò fi jiyàn? Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Iṣẹ́ kù síbẹ̀. Agbára ni à ń pe títì tí a ti nǹkan, agbára ni à ń pe iṣẹ́ tí nǹkan lè ṣe, agbára náà ni à ń pe bí ó ti yára ṣe é tó. Físíìsì ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Àwọn tí ń jiyàn létí odò ni yóò mọ orúkọ tí ó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àwa tí a jókòó sídìí tábìlì.

Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin ìjòyè kí ẹ yọ̀ǹda yàrá kan, pátákó ìkọ̀wé kan àti iná fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ méjì lọ́sẹ̀. A sì bẹ ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé kí ẹ ṣí yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ Sátidé, nítorí ìdánwò àfọwọ́ṣe ni ó sábà máa ń já ẹni tí ń dá kàwé kulẹ̀.