Tíì eléròjà àwọn ará Íńdíà: ẹ ka ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó mu ún

Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè ọ̀rọ̀ tíì kan lọ́wọ́ mi, èyí tí àwọn ọmọ wọn ń fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó. Wọ́n ní ó ń ta sánsán bí ọbẹ̀, ó sì ń ta lọ́nà ọ̀fun, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí pé kò ní káfíìnì. Ohun tí wọ́n ń bi mí jù ni pé, ṣé ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè mu ún? Èyí tó lè mu wà, èyí tí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn náà sì wà. Ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn ni a ó fi mọ̀ ọ́n.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà ló ti ṣẹ̀ wá. Ayurveda ni wọ́n ń pe ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìmọ̀ nípa ìwàláàyè. Bí àwa ṣe ń se àgbo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń se tiwọn, kadha ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí àrùn kòrónà gbòde lọ́dún 2020, ilé-iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń bójú tó ìṣègùn ìbílẹ̀ ní kí àwọn èèyàn máa mu ún lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́: ewé tulsi, sínámọ́nù, ata dúdú oníhóró, atalẹ̀ gbígbẹ àti àjàrà gbígbẹ. Wọn kò sọ pé ó ń wo àrùn náà o. Tulsi yìí, ìbátan efinrin wa ni.

Ní Amẹ́ríkà, ará Íńdíà kan tí wọ́n ń pè ní Yogi Bhajan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn ní yoga ní Los Angeles lọ́dún 1969, a sì máa fún wọn ní omi eléròjà báyìí mu. Ibẹ̀ ló ti di ọjà inú páálí. Ẹ má ṣì í mú fún tíì masala o, ewé tíì gidi wà nínú ìyẹn, káfíìnì sì wà nínú ewé tíì.

Káfíìnì yìí ló ń lé oorun lọ, òun ló ń mú àyà àwọn mìíràn máa lù kìkì. Kì í ṣe inú tíì àti kọfí nìkan ló wà, ó wà nínú obì. Àwọn bàbá kan á ní àwọn kì í mu tíì, bẹ́ẹ̀ obì kì í tán lẹ́nu wọn, wọ́n á wá máa ráhùn pé àwọn kò rí oorun sùn! Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún tó bá ń gba káfíìnì tó ju 300 mílígíráàmù lọ lóòjọ́ sára dín in kù, kí oyún má baà bàjẹ́, kí ọmọ má sì kéré jù nígbà ìbí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ tíì inú páálí wọ̀nyí ni wọ́n ń fi gbòǹgbò kan sí kí ó lè dùn láìsí ṣúgà. Ẹ wo ara páálí, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní liquorice tàbí licorice. Gbòǹgbò yìí a máa jẹ́ kí iyọ̀ àti omi dúró sí ara, a sì máa lé pọtáṣíọ́mù, tí ọkàn nílò láti lù dáadáa, jáde. Ẹ̀jẹ̀ á ru sókè. Ó tún burú jù fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí ti kíndìnrín, àti aboyún, kí wọ́n fi í sílẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti pa oògùn yín tì nítorí pé tíì náà ń tu yín lára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sídìí oògùn lónìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó fa rọpárọsẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì náà, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀ kí ó tó máa mu atalẹ̀ púpọ̀.

Ẹ lè se é nílé, owó rẹ̀ kò sì tó ti inú páálí. Ẹ bu omi ife mẹ́rin sórí iná, ẹ gé atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò sí i, kànáfùrù mẹ́rin, ata dúdú oníhóró márùn-ún, àti sínámọ́nù igi kékeré kan. Ẹ má fi sínámọ́nù kún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà ní èròjà kan tí àpọ̀jù rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kádámọ́mù ni àwọn ará Íńdíà ń fi kún un. Bí ẹ kò bá rí i, hóró ataare mẹ́ta tó, ìdílé kan náà ni wọ́n. Ẹ dé e, kí ó máa hó lórí iná kékeré fún bí ìṣẹ́jú márùndínlógún, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kí ó yọ ata kúrò. Oyin wà fún ẹni tó fẹ́, àmọ́ ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin rárá, alátọ̀gbẹ náà kí ó mu tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba tí ẹ ó mu tán lọ́jọ́ náà ni kí ẹ sè, torí iná mọ̀nàmọ́ná wa kò ṣeé fọkàn tán fún fíríìjì.