Kídìnrín Tuntun Kì í Ṣe Òpin Ìjà

Kò sí ọmọ Yorùbá tó gbọ́njú ní ọdún 2014 tí kò mọ orúkọ ìlú Monrovia. Láti ibẹ̀ ni Patrick Sawyer ti wọ bàálù gba Lomé dé Èkó ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún náà, tó gbé Ebola wọ Nàìjíríà, tó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Monrovia fúnra rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2015, tí ariwo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde, ló tún ya àwọn oníṣègùn lẹ́nu. Àwọn ará ìlú ti ń retí ọjọ́ tí wọn yóò kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ni obìnrin kan bá tún kó o, ó sì kú. Wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà títí, gbogbo àmì ló tọ́ka sí ọkùnrin kan tí wọ́n ti tọ́jú, tí ara rẹ̀ ti yá láti ọdún tó ṣáájú. Ara ọkùnrin yìí dá ṣáṣá. Inú àtọ̀ rẹ̀ ni ipasẹ̀ Ebola wà, wọ́n sì rí i níbẹ̀ ní ọjọ́ 199 lẹ́yìn tí àìsàn náà kọ́kọ́ dá a dúbúlẹ̀.

Kóró ẹpọ̀n àti ẹyinjú wà lára ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń bá àrùn jà nínú ara kì í ráyè wọ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀tá ń sá sí. Ebola nìkan kọ́ ló sì mọ ìwà yìí í hù. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ ara èèyàn lọ́mọdé, kí ó sùn sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fún ogójì ọdún. Aràn kan wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà wọlé, tí yóò máa bímọ nínú ìfun títí olúwarẹ̀ yóò fi darúgbó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara mọ̀ pé irú wọn wà níbẹ̀, wọ́n ti sé ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Bí ẹnì kan bá wá fún àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ní oògùn oorun ńkọ́?

Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó gba kídìnrín ẹlòmíràn gan-an nìyẹn. Bí kídìnrín èèyàn méjèèjì bá daṣẹ́ sílẹ̀, tí owó ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ sì ń ga ju agbára lọ, kí ẹlòmíràn yọ̀ǹda ọ̀kan nínú tirẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ tó ga jù. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ ara kò gbọ́ àlàyé pé ọrẹ ni. Àjèjì ni wọ́n rí, wọn yóò sì bá a jà títí wọn yóò fi pa á. Abájọ tó fi jẹ́ pé láàárín ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ ni Joseph Murray ti kọ́kọ́ ṣe é yọrí ní Boston, ní oṣù Kejìlá ọdún 1954. Ẹni tí kò ní irú ìbejì bẹ́ẹ̀ yóò máa lo oògùn tó ń dá àwọn ẹ̀ṣọ́ ara lọ́wọ́ kọ́, lójoojúmọ́, níwọ̀n ìgbà tí kídìnrín náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Oògùn yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀tá àti ọ̀rẹ́.

Gbogbo ayé ló pariwo orúkọ Christiaan Barnard ní oṣù Kejìlá ọdún 1967, nígbà tó gbé ọkàn ọmọbìnrin kan tí mọ́tò pa sí àyà Louis Washkansky ní ilé ìwòsàn Groote Schuur, ní Cape Town. Ọjọ́ 18 péré ni ọkùnrin náà lò sí i láyé. Ọkàn tuntun náà ń lù dáadáa. Òtútù àyà ló pa á. Àwọn dókítà ti rí àmì nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, wọ́n rò pé ara rẹ̀ ló ń kọ ọkàn náà, wọ́n bá fi kún oògùn tó ń dá ẹ̀ṣọ́ ara lọ́wọ́ kọ́, àṣé ọ̀nà ni wọ́n ń là fún àrùn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi bú wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ la igbó ni ẹ̀gún ń gún. Ṣùgbọ́n ìdààmú yẹn kò tíì tán títí di òní. Bí ó bá jẹ́ pé ara ló ń kọ ẹ̀yà tuntun, wọn yóò fi kún oògùn. Bí ó bá jẹ́ àrùn ni, ó lè jẹ́ pé ńṣe ni wọn yóò dín in kù. Ẹni tó bá ṣì í mú, aláìsàn ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀.

Ní oṣù kìíní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àrùn inú ilé ìwòsàn ni wọ́n ń ṣọ́: ojú ọgbẹ́ tó ń ṣe ọyún, kòkòrò nínú ọ̀nà ìtọ̀, òtútù àyà. Láti oṣù kejì dé ìkẹfà ni àwọn tó ti ń sùn máa ń jí. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè jí. Fáírọ́ọ̀sì cytomegalovirus, tó wà lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láìṣe wọ́n ní nǹkan kan, lè di ibà àti ìgbẹ́ gbuuru. Aràn àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn lè ya kúrò nínú ìfun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ, kí ó sì kó kòkòrò ìgbẹ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn kì í sábà fi aláìsàn sílẹ̀ láàyè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá aràn náà kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ rárá, tí wọ́n sì máa ń fún ẹni tó gba kídìnrín ní Septrin fún oṣù púpọ̀.

Kídìnrín náà sì lè gbé ẹrù tirẹ̀ wá. Ibà, àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ àti kòkòrò HIV lè bá a wọlé bí wọn kò bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fi í sílẹ̀ wò dáadáa. Ní ọdún 1990, ìwé àwọn oníṣègùn, The Lancet, gbé ọ̀rọ̀ àwọn ará ilẹ̀ Lárúbáwá kan jáde tí wọ́n lọ ra kídìnrín ní Bombay. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kú, àwọn mìíràn sì gbé HIV wálé. Ilé ìwòsàn St. Nicholas ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkó láti ọdún 2000, Korle Bu ní Accra sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2008, nítorí náà kì í ṣe ọjà òkùnkùn nìkan ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀.

Ẹ wá wo ẹni tó gba kídìnrín lókè òkun, tó sì padà sí Monrovia. Òjò ìlú náà lé ní milimítà 4,000 lọ́dún, àgbàrá sì ń wọ kànga tí ọ̀pọ̀ ilé ń pọn mu. Ẹni yìí gbọ́dọ̀ se omi kí ó tó mu ún, kí ó sùn sábẹ́ àpò ẹ̀fọn lálaalẹ́, kí ó sì yẹra fún ilé tí wọ́n ti ń wúkọ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná díẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la, nítorí oògùn tó ń lò máa ń bo àmì àrùn mọ́lẹ̀. Bí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá mú un, oògùn rifampicin tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ a máa lé oògùn kídìnrín jáde lára, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí kọ kídìnrín náà bí dókítà kò bá mójú tó o. Àgbo tí ìyá àgbà sè pẹ̀lú ìfẹ́ ńkọ́? Ta ló ti wọ̀n ọ́n wò pẹ̀lú oògùn wọ̀nyí? Kí ó fi í sílẹ̀.

Oògùn yìí kò sì gbọdọ̀ tán nílé. Ní ọdún 2014, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Monrovia tilẹ̀kùn, Arik àti àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù mìíràn kò sì lọ síbẹ̀ mọ́. Ẹni tí oògùn rẹ̀ ń bọ̀ láti òkè òkun ní irú àkókò yẹn, tí kò ti kó pamọ́, kídìnrín rẹ̀ ló máa san án.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà náà tún wà níbẹ̀. Àwọn tó ń bá wọ Làìbéríà ní pápákọ̀ òfuurufú Roberts a máa béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, bẹ́ẹ̀ kòkòrò tó ṣì wà láàyè ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Ẹni tó ti ń lo oògùn kídìnrín kò gbọdọ̀ gbà á mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gba èyíkéyìí mìíràn tó ní kòkòrò ààyè nínú. Kí ó gbà á ní ó kéré tán oṣù kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí àkókò bá ti kọjá lára rẹ̀ yóò gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ pé abẹ́rẹ́ náà kò yẹ fún un. Lẹ́tà yẹn lè mú un kọjá níwájú àwọn aṣọ́bodè, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kò mọ̀wé.