Kàyé wà lára irin iṣẹ́

Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ 1978, ọkọ̀ àti alùpùpù 182 gbéra ní Paris, wọ́n kọrí sí Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. Nǹkan bí 10.000 kìlómítà ni ìrìn náà, aṣálẹ̀ Sàhárà sì wà láàárín. Nígbà tí ìdíje náà parí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1979, 74 péré ló gúnlẹ̀. Thierry Sabine tí ó dá a sílẹ̀ mọ ohun tí aṣálẹ̀ lè ṣe. Ní 1977, nínú ìdíje mìíràn láti Abidjan sí Nice, ó ṣìnà lórí alùpùpù rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ó kú síbẹ̀.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Claude àti Bernard Marreau, wà lára àwọn tí ó gúnlẹ̀. Ọkọ̀ wọn kì í ṣe ọkọ̀ olówó ńlá. Renault 4 ni, ọkọ̀ kékeré tí àgbẹ̀ Faransé ń gbé lọ sọ́jà. Wọ́n tún un ṣe kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa fà á. Ipò karùn-ún ni wọ́n ṣe. Alùpùpù mẹ́ta àti ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ṣáájú wọn.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Eruku ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ aṣálẹ̀. Bí asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí bá ya, iyanrìn á wọlé, á sì máa lọ irin bí ọlọ ti ń lọ ata. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ń dè sábẹ́ ọkọ̀, kí òkúta má baà fọ́ ibi tí òróró wà. Lórí iyanrìn, wọ́n máa ń dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù, kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹsẹ̀ ràkúnmí, kí ó má rì. Ṣọ́bìrì, okùn ìfà àti omi mímu kò gbọdọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀.

Ti bóòtù ló wuni jù. Gbígbọ̀n ọkọ̀ máa ń tú bóòtù díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún un le, wọ́n a fi ọ̀dà fa ìlà tín-ínrín láti orí rẹ̀ dé ara irin tí ó dè. Ní alẹ́, wọ́n a tan iná wò ó. Bí ìlà náà bá ṣì tọ́, bóòtù kò yí. Bí ìlà bá yà sí méjì, ó ti ń tú. Àbí kí ni ìwé kíkà, bí kò ṣe èyí?

Láti 1997, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdíje tiwọn ní Faransé, 4L Trophy. Ènìyàn méjì ló ń wọ Renault 4 kan, tí ó sábà máa ń dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ. Wọ́n a la Spéìnì kọjá dé aṣálẹ̀ Màrókò, pẹ̀lú ohun èlò ilé-ìwé fún àwọn ọmọdé ibẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ó sáré jù ló ń borí, bí kò ṣe ẹni tí kìlómítà rẹ̀ kéré jù, ìyẹn ẹni tí kò ṣìnà. Kọ́ńpáàsì àti ìwé tí ó ń júwe ọ̀nà ni wọ́n fi ń rìn. Bí ìwé bá ní kí wọ́n yà ní kìlómítà 12, tí ẹnìkan kà á sí 21, ó ti sọnù nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ ńlá lè fi owó ra mẹkáníìkì ogún àti ọkọ̀ akẹ́rù tí ń tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ohun gbogbo sílẹ̀: èyí tí ó ti tún ṣe, èyí tí ó kù, èyí tí ó kó dání.

Àwọn kan ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ máa ń sọ pé ọwọ́ ni iṣẹ́ mẹkáníìkì, pé kálámù kò kàn án. Wọ́n ṣì í. Bí gbogbo àkọsílẹ̀ bá wà lórí ọ̀gá nìkan, ọjọ́ tí ọ̀gá bá ṣàìsàn, ta ni yóò mọ ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò tíì parí? Onímọ́tò á sì gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Kàyé kò wọ́n. Nọ́ńbà ọkọ̀, iye kìlómítà, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ òróró, iṣẹ́ tí ó kù: ọmọ-iṣẹ́ tí ó ti kọ́ ìwé ní èdè rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la.