Ẹ kú oríire ọdún 75, Bàbá Túndé Kèlání!

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Èkó ní 1948, tí Abẹ́òkúta tọ́ dàgbà, ẹ pé 75 lónìí, 26 oṣù Èrèlè 2023. Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ lókè eèpẹ̀!

Àwa Yorùbá tó wà ní Industrial Area Sharjah, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù palẹ̀ tà, fíìmù yín, Ṣaworoidẹ, la fi ń bá yín ṣọdún. Lánàá ni wọ́n dìbò ààrẹ nílé, ní Nàìjíríà. Kí la tún fẹ́ wò? Nínú fíìmù náà, Lápité kọ̀, kò búra ìlú, ó gorí ìtẹ́, ó sì ta igbó ìlú Jogbo fún àwọn agégẹdú. Lágàta ṣọ́jà gbàjọba, ó dé adé, ìlù ṣaworoidẹ sì dún. Ariwo tó sọ nínú yàrá, àfi bíi pé Super Eagles gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n! Ní 1999, tí àwọn ológun ń kógbá sílé, lẹ gbé fíìmù náà jáde. Ẹ ò bú ẹnikẹ́ni. Ìlù ló bá yín sọ ọ́.

Ọgbọ́n yín nìyẹn. Ẹnu òǹkọ̀wé lẹ ti ń mú ìtàn. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ Ṣaworoidẹ, òun náà ló ni Kòṣeégbé àti Ó Le Kú. Ìwé Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ló di Maami ní 2011. Ẹlòmíràn ì bá gé òwe Adébáyọ̀ Fálétí, Ọ̀pálábá wa nínú Ṣaworoidẹ, kí fíìmù lè yára. Ẹ̀yin jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ tán. (Ẹ̀yin ìyá tó rán bùbá àti ìró olékù lẹ́yìn tí Ó Le Kú jáde ní 1997, ẹ mọ ẹni tí ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.)

Kámẹ́rà lẹ kọ́kọ́ gbé, láti iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV Ìbàdàn, kí ẹ tó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ẹ dá iléeṣẹ́ fíìmù yín, Mainframe, sílẹ̀ lẹ di ọ̀gá ara yín, Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ sì jáde ní 1993. Àwọn tó ń jí fíìmù dà kọ jẹ yín lówó, ẹ ò jáwọ́. Ẹ ti pé 73 nígbà tí fíìmù Ayinla jáde ní 2021, àpàlà tún gbòde kan!

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé kámẹ́rà wá síbí, ní Sharjah. Ìtàn ẹni tó wá ra ẹ́ńjìnnì lọ sí ọjà Ládípọ̀ nìkan tó fíìmù méjì. Àwa la máa ṣe èrò ọjà, a ò sì ní gba kọ́bọ̀!